Ọjọ́ Tí Ọmọ Mi Kọ́kọ́ Fi Ẹṣin Da Màlúù

Nígbà tí wọ́n ń ṣe ìsìn ìdágbére fún olóògbé ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní West End, àwọn èèyàn ń dìde lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń sọ pé òun ló kọ́ àwọn ọmọ wa ní ìwà ọmọlúàbí nílẹ̀ àjèjì. Ìjọ ń pàtẹ́wọ́. Èmi náà pàtẹ́wọ́, nítorí èmi ni ìyàwó, gbogbo ojú sì wà lára mi. Wọn ò parọ́. Ó kọ́ ọmọ tèmi ní ìwà. Ohun tí ìwà náà gbà lọ́wọ́ wa ni ẹnikẹ́ni ò sọ, nítorí náà èmi yóò sọ ọ́.

Ọmọ kan ṣoṣo ni mo bí, obìnrin ni. Ìlú kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Conyers là ń gbé nígbà náà. Tí èèyàn bá ti kọjá àwọn ilé ìkẹ́rùsí tó wà lẹ́bàá títì, pápá ló kù, ẹṣin sì wà nínú pápá. Ọmọ mi máa ń bá obìnrin aládùúgbò wa kan kó ìgbẹ́ ẹṣin lẹ́yìn ilé ìwé. Nígbà tí obìnrin náà fẹ́ kó lọ sọ́dọ̀ àwọn ọmọ rẹ̀, ó fa abo ẹṣin pupa kan lé e lọ́wọ́. Ẹṣin náà ò ga. Àmì funfun wà níwájú orí rẹ̀, kì í sì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan etí òun, àfi ọmọ mi.

Ọkọ mi ò fẹ́ ẹ. Ó ní ẹṣin tí kò ṣiṣẹ́, àlejò tó ń jẹun lásán ni. Mo wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tó wá kí wa láti Ìbàdàn fún oṣù kan, tó ti wà lórí àga wa fún ọdún mẹ́ta.

Òun àti ọmọ mi wá fẹnu kò sí nǹkan kan. Bàbá arúgbó kan tó ń sin màlúù nítòsí wa ń wá ẹni tí yóò máa gẹṣin bá a da màlúù ní gbogbo ọjọ́ Sátidé. Bí ọmọ mi àti ẹṣin rẹ̀ bá lè yọ màlúù kan kúrò láàárín agbo, kí wọ́n má sì jẹ́ kó padà, bàbá náà yóò gbà wọ́n síṣẹ́, yóò sì máa bọ́ ẹṣin náà mọ́ tirẹ̀. Bí wọn ò bá lè ṣe é, ọkọ mi yóò tà á. Ọmọ mi kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ ṣé, Dádì."

Ojú ilẹ̀ ló wò tó fi sọ ọ́. Bí ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ṣe tọ́ ọ nìyẹn. Tí ọmọ náà bá gbójú sókè bá a sọ̀rọ̀, á ní, "Ojú mi lò ń wò yẹn? Ẹgbẹ́ ẹ ni mí?" Á sì fi ìka ta á níwájú orí. Nílé tiwa náà, a kì í wo àgbà lójú. Ṣùgbọ́n bàbá mi, tó jẹ́ olùkọ́, máa ń sọ pé bí òun bá ń kọ́ni níṣẹ́, pátákó ìkọ̀wé ni kí a wò. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ò ní pátákó. Ilẹ̀ nìkan ló ní fún ọmọ láti wò.

Láàárọ̀ Sátidé náà, ọkọ mi wà lẹ́nu iṣẹ́ ní pápákọ̀ òfuurufú. Èmi ni mo fi mọ́tò gbé ọmọ lọ sí oko bàbá náà, níbi tí ẹṣin ti ṣáájú wa dé. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi tẹ̀ lé wa, ó wọ bàtà ṣọ́ọ̀ṣì.

"Mi ò lè jókòó sílé kí ọmọ àbúrò mi máa lọ di darandaran," ló wí. "Ṣé torí ẹ̀ lẹ ṣe wọkọ̀ òfuurufú wá síbí?"

Bàbá náà wà lórí ẹṣin tirẹ̀. Ó sọ fún ọmọ mi pé, "Má wo ẹṣin rẹ. Má wo èmi náà. Màlúù ni kí o wò. Ibi tí ojú rẹ bá lọ ni ẹṣin ń lọ."

Ẹṣin náà ò tíì sún mọ́ màlúù rí. Ó ń fọn imú, ó ń fà sẹ́yìn. Ọmọ mi fọwọ́ pa á lọ́rùn, ó rọra wọ àárín wọn, títí abo màlúù dúdú kan fi yà sọ́tọ̀. Màlúù náà fẹ́ padà lọ́wọ́ òsì. Ẹṣin ti dé ibẹ̀. Ó yí sí ọ̀tún. Ẹṣin ti tún dé ibẹ̀. Mi ò mọ ìgbà tí mo di igi ọgbà mú. Láti ìgbà tí mo ti bí ọmọ yẹn, mi ò rí ojú rẹ̀ kí ó là tó bẹ́ẹ̀ rí.

Bàbá náà kígbe, "Ó dáa! Bẹ́ẹ̀ ni! Máa wò ó!"

"Yẹ́ẹ̀s, sà," ni ọmọ mi dáhùn, kò yíjú.

Ni ẹ̀gbọ́n ọkọ mi bá ké lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. "Ìwọ! Àgbàlagbà ń bá ọ sọ̀rọ̀, o kẹ̀yìn sí i! Bí ìyá rẹ ṣe kọ́ ọ nìyẹn?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ ẹ̀."

"Ìyàwó, èmi lò ń pa lẹ́nu mọ́?"

Ọmọ mi ti gbọ́. Ó yíjú sí bàbá náà, ó tẹrí ba, ó sọjú sílẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ kúnlẹ̀ lórí gàárì. Ẹṣin náà bá ojú rẹ̀ lọ. Ó dúró, ó sọrí kọ́. Màlúù dúdú gba iwájú rẹ̀ kọjá, ó padà sínú agbo.

Bàbá náà ní kó tún un ṣe. Ó tún un ṣe, ó tún un ṣe. Gbogbo ìgbà tí bàbá bá ti lanu ni orí ọmọ mi ń wálẹ̀. "Gbójú sókè!" Lọ́dọ̀ tiwa, bí àgbà bá ṣe ń pariwo mọ́ ọmọ tó ni ọmọ ṣe ń tẹrí ba tó. Bàbá náà ò mọ̀. Ó ń pariwo sí i.

Nígbẹ̀yìn, ó wá bá mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà, ó ṣí fìlà. "Mà, ẹṣin yẹn dáa púpọ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ yín ń bẹ̀rù mi. Mi ò lè fi ẹni tó ń wo ilẹ̀ sáàárín màlúù, wọ́n á ṣe é léṣe."

Mo ní kì í ṣe ẹ̀rù, ọ̀wọ̀ ni.

Ó ní, "Màlúù ò mọ ìyàtọ̀, mà."

Nínú mọ́tò, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ń fi bébà nu ẹrẹ̀ lára bàtà. "Ọlọ́run ló yọ wá," ló wí. Ọkọ mi kì í yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà, àfi bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá ní kó yí i. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ò ní kó yí i. Àwọn èèyàn kan wá láti Alabama wá ra ẹṣin náà. Ọmọ mi fọwọ́ di etí ẹṣin náà méjèèjì mú títí wọ́n fi ní kó jẹ́ kí àwọn máa lọ.

Ilé iṣẹ́ akẹ́rù kan ní College Park ló ti ń ṣiṣẹ́ báyìí. Kò gẹṣin mọ́. Nígbà tí a ti ìsìn ìdágbére dé, ó ń bá mi bu oúnjẹ sínú abọ́ ní kíṣìnnì. Mo ní, "Wò mí lójú."

Ó rẹ́rìn-ín. "Màmá, kí ni mo ṣe?" Ẹsẹ̀ mi ló ń wò.

"O ò ṣe nǹkan kan. Mo kàn fẹ́ rí ojú ẹ ni."

Ó fi ṣíbí sílẹ̀, ó gbìyànjú. Ojú rẹ̀ gòkè, ó gòkè, ó dé àgbọ̀n mi, ó sì dúró síbẹ̀.