Bàbá Mi àti Ilé Olódi Oníbíríkì Pupa

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Abúlé Òkúta, bí àlejò bá béèrè ilé wa, wọn á ní kó wá ilé bíríkìlà tó ń fi bíríkì hun ẹní. Bàbá mi ni wọ́n ń sọ. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni, Mùsùlùmí ni. Kò sí bó ṣe máa mọ ògiri tí kò ní to bíríkì pupa rẹ̀ lọ́ṣọ̀ọ́, kí òmíràn yọrí síta, kí òmíràn dábùú, títí ara ògiri á fi dà bí ẹní tí wọ́n hun.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ìjọ Kristẹni kan tó wà lódìkejì títì wa ló wá gbé iṣẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì wọn fún un. Ẹ ò lè mọ bí inú wa ti dùn tó. Ẹnu ọ̀nà wa la ti ń wo ògiri náà bó ṣe ń ga. Àwọn fèrèsé rẹ̀ ló wù mí jù: bàbá mi tẹ orí wọn bí ọrun, ó wá fi bíríkì wẹ́wẹ́ yí wọn ká.

Ó ku kí wọ́n kan òrùlé ni ọ̀kan nínú àwọn àgbà ìjọ dé. Ó wòkè, ó wolẹ̀, ó ní, "Bíríkìlà, mọ́ṣáláṣí lẹ kọ́ fún wa yìí o. Ẹ wó àwọn fèrèsé yẹn."

Bàbá mi ní, "Bàbá, bíríkì kì í kírun. Ẹwà ni mo fi ṣe."

"Ẹ ṣáà wó o."

Bàbá mi fúnra rẹ̀ ló wó o. Kò jẹ́ kí ọmọṣẹ́ kankan fọwọ́ kàn án. Ìyá mi kúrò nídìí ìkòkò, ó sọdá títì, ó lọ jókòó sórí iyanrìn níbẹ̀ títí ọkọ rẹ̀ fi ṣe tán. Láti ọjọ́ náà títí bàbá mi fi kú, ògiri tó tẹ́jú lásán ló ń mọ.

Lọ́dún tó kọjá, ọmọbìnrin mi tó ń ṣiṣẹ́ ní Sípéènì ní kí n wá sinmi lọ́dọ̀ òun. Ó mú mi lọ wo ilé olódi kan tí wọ́n ti kọ́ láti ayé àwọn ọba àtijọ́. Òkúta ni mo ń retí. Bíríkì pupa ni mo bá! Kòtò ńlá yí i ká, ilé ìṣọ́ wà ní igun kọ̀ọ̀kan, orí ẹnu ọ̀nà tẹ̀ bí ọrun, bí bàbá mi ṣe máa ń to bíríkì gan-an sì ni wọ́n ṣe tò ó. Mi ò lè gbẹ́sẹ̀ mọ́.

Ọmọ mi rò pé ó rẹ̀ mí. "Màámi, ṣé kí n bá yín wá àga?"

"Rárá. Bá mi bi ọkùnrin tó ń mú wa kiri yìí, ta ló mọ ọ́n?"

Ọkùnrin náà fèsì, ọmọ mi sì túmọ̀ rẹ̀ fún mi: Mùsùlùmí ni àwọn bíríkìlà rẹ̀, bíṣọ́ọ̀bù ló sì gbé iṣẹ́ náà fún wọn.

"Bíṣọ́ọ̀bù ò ní kí wọ́n wó o?"

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. Ó ní bó ṣe wu bíṣọ́ọ̀bù gan-an nìyẹn.

Mo gbọ́wọ́ lé ògiri náà, mo sì ki bàbá mi ní oríkì, lóhùn rara, lójú gbogbo òyìnbó tó wà níbẹ̀. Ọmọ mi kò tijú. Ó dúró tì mí, ó ń bá mi gbè é dé ibi tó mọ̀ ọ́n dé.

Láyé ìgbà èwe wa, ẹni tó bá ti dé Ìbàdàn ti rìn jìnnà lójú wa. Lónìí, ọmọ mi ń wọ bàálù bí ẹni ń lọ sí Onípanu. Búlọ́ọ̀kù ni gbogbo ilé àdúgbò wa báyìí, wọ́n á sì fi táìlì bo ojú rẹ̀. Mi ò bínú sí i, ẹ kọ́lé yín bó ṣe wù yín. Ṣùgbọ́n mo ti fojú ara mi rí i, mo sì lè sọ ọ́ níbikíbi: iṣẹ́ bàbá mi dára. Àgbà ìjọ tó ní kó wó o ni kò tíì rìn jìnnà.