Ẹni Tí Kò Mówó Omi Wá

Títí di òní, bí mo bá gbóòórùn omi tó ti pẹ́ nínú dúrọ́ọ̀mù onírọ́bà, èyí tí oòrùn ti sè títí tó ń rùn bíi rọ́bà àti ewé dóńgóyárò pọ̀, ojú á tì mí, kódà bó jẹ́ èmi nìkan ni mo wà níbẹ̀. Kí n ti ibi tó ṣòro bẹ̀rẹ̀: èmi ni mo jẹ̀bi. Kì í ṣe ìjọba, kì í ṣe bàbá arúgbó tó wá jà fún ọmọ-ọmọ rẹ̀, kì í sì í ṣe àǹtí wa. Èmi tí wọ́n ní kí n báwọn túmọ̀ ọ̀rọ̀ ni mo fi ẹnu ara mi lé àǹtí kúrò níléèwé.

Ngomari, àdúgbò kan ní ìlú yìí lókè Ọya, là ń gbé nígbà náà, iléèwé ìjọba tó wà níbẹ̀ ni mo sì ń lọ. Orí ẹní la máa ń jókòó, páànù ló wà lórí wa, bohóòlù tó wà lẹ́yìn kíláàsì sì ti bàjẹ́ kí n tó wọlé síbẹ̀. Ìwọ náà mọ bí ìlú yìí ṣe máa ń rí kí òjò tó dé. Atẹ́gùn á máa fẹ́ sí èèyàn lójú bí ìgbà tí wọ́n ṣí ilẹ̀kùn ààrò búrẹ́dì. Bó bá ti di ọ̀sán, ọ̀rọ̀ tí olùkọ́ ń sọ kì í wọni létí mọ́, omi nìkan lèèyàn ń rò.

Àǹtí tó ń kọ́ wa ní ìṣirò, ará ilé wa ni wọ́n, láti apá Ọ̀ṣun. Ọkọ wọn ló ń ṣiṣẹ́ ní yunifásítì, àwọn náà bá tẹ̀lé e wá. Wọn ò tíì gbà wọ́n síṣẹ́ tán. Wọ́n kàn ní kí wọ́n máa kọ́ wa ná, pé lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ ń bọ̀. Ọmọ ọwọ́ kan wà lọ́wọ́ wọn tó máa ń sùn lórí ìró lábẹ́ tábìlì kíláàsì. Nígbà mìíràn tó bá jí láàárín ìṣirò, àǹtí á máa fi ọwọ́ kan kọ bọ́ọ̀dù, wọ́n á fi ọwọ́ kejì gbé e mọ́ra. Wọ́n á sọ fún mi pé, "Jẹ́ kí lẹ́tà yẹn dé. Màá wá ẹni tí yóò máa bá mi gbé ọmọ yìí, kó yéé fi ilẹ̀ ṣe ibùsùn."

Èmi ni wọ́n máa ń bá sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, torí pé èmi nìkan ni Yorùbá ní kíláàsì. Yorùbá náà sì kọ́ nìyẹn. Ìlú yìí ni wọ́n bí mi sí. Háúsá ni mo fi ń ṣeré, òun ni mo fi ń jà, òun ni mo fi ń lálàá; Yorùbá tèmi kò ju èyí tí èèyàn fi ń gba oúnjẹ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ lọ. Ti àǹtí wá yàtọ̀. Háúsá tiwọn ò kọjá ojú ọjà: wọ́n mọ kuɗi pé owó ni, wọ́n mọ ruwa pé omi ni, wọ́n mọ bí wọ́n ṣe ń bèèrè iye àti bí wọ́n ṣe ń dúpẹ́. Ó tán. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kọ́ wa.

Òfin ti wà nígbà náà pé ọ̀fẹ́ ni iléèwé ìjọba, pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gbowó lọ́wọ́ ọmọ tàbí kó lé e nítorí owó. Wọ́n ń sọ ọ́ lórí rédíò ní Háúsá àti ní Kànúrí. Òfin tó dáa ni, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Àìmọye ọmọ ni kì bá tí rí ẹnu ọ̀nà iléèwé láìsí i. Ṣùgbọ́n òfin náà ò sọ ẹni tí yóò sanwó fún mai ruwa, ọkùnrin tó ń ti kẹ̀kẹ́ tó kún fún kẹ́ẹ̀gì omi kiri àdúgbò. Mai ruwa náà ní ọmọ nílé. Àǹtí bá pè wá jọ lọ́jọ́ kan. Wọ́n ní ẹni tó bá ní nǹkan díẹ̀ kó máa mú un wá lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ẹni tí kò bá ní kó má yọ ara rẹ̀ lẹ́nu, gbogbo wa la jọ máa mu. Èyí tó bá kù, àwọn á fi kún un. Lóòótọ́ ni wọ́n sì ń fi kún un, torí èmi ni wọ́n máa ń rán sí mai ruwa.

Èmi náà ni wọ́n fi ṣe mọ́nítọ̀ omi. Ife kan wà tí wọ́n fi okùn so mọ́ dúrọ́ọ̀mù, ọwọ́ mi ni ife náà wà. Àwọn ọmọ kíláàsì bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí ní Hakimin Ruwa, ìyẹn olóyè omi. Wọ́n á tẹrí ba bí wọ́n ṣe ń kí àwọn ìjòyè, wọ́n á ní kí ẹ̀mí mi gùn, gbogbo wa á rẹ́rìn-ín. Àwàdà ni lójú wọn. Èmi ò mọ ìgbà tí mo gbà á gbọ́. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bu omi fún àwọn tó mówó wá kí n tó bu fún àwọn tí kò mú un wá. Nígbà tó yá, mo ní kí àwọn tí kò mú un wá dúró dìgbà tí gbogbo èèyàn bá mu tán. Nígbà tó tún yá, mo ní kí wọ́n máa lọ. Kò sẹ́ni tó rán mi. Ẹ̀yìn àǹtí ni mo ti ń ṣe é.

Ọmọbìnrin kan máa ń jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó wá síbi dúrọ́ọ̀mù, mo bi í léèrè owó. Ó ní bàbá àgbà òun ti sọ pé kí òun má mú nǹkan kan wá, pé òfin ò gba owó.

Mo ní, "Kí òfin bu omi fún ẹ nígbà náà."

Àwọn ọmọkùnrin bú sẹ́rìn-ín. Ó wò mí, ó fi orúkọ tí àwọn ọmọ kíláàsì ń pe àǹtí bi mí pé, "Ṣé Malama ló ní kí o má fún mi?"

Mo ní, "Malama ló ní bẹ́ẹ̀."

Kò bẹ̀ mí. Ó kàn yí padà lọ jókòó sórí ẹní rẹ̀. Nígbà tí a jáde, ó rìn lọ sílé nínú oòrùn yẹn, ó sì dákú síwájú ilé onílé kí ó tó dé ọ̀dọ̀ àwọn èèyàn rẹ̀. Mi ò gbọ́ lọ́jọ́ náà. Mi ò tilẹ̀ mọ ọmọ ẹni tó jẹ́.

Lọ́jọ́ kejì, a ń ṣe ìṣirò lọ́wọ́ nígbà tí bàbá kan dúró sẹ́nu ọ̀nà, aṣọ wọn funfun gbòò, ọ̀pá wà lọ́wọ́ wọn. Bùlámà àdúgbò ni wọ́n, olórí gbogbo wa ní ìsàlẹ̀ ibẹ̀. Bí wọ́n ṣe ní ọ̀rọ̀ ọmọ-ọmọ àwọn ló gbé àwọn wá, tí mo wo ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn tí mi ò rí ẹnikẹ́ni lórí ẹní, mo wá mọ ọmọ ẹni tó jẹ́. Ọ̀gá iléèwé ti lọ sí ọ́fíìsì ẹ̀kọ́ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Olùkọ́ kan wà ní kíláàsì kejì tó gbọ́ Háúsá bí omi, ṣùgbọ́n àǹtí ò pè é. Èmi ni wọ́n nawọ́ sí.

"Ìwọ wá. Ọmọ ilé wa ni ẹ́, o ò ní jẹ́ kí ọ̀rọ̀ mi wọ́."

Abẹ́ dóńgóyárò la dúró sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ dúrọ́ọ̀mù. Bùlámà ò jókòó sórí àga tí wọ́n gbé fún wọn, wọn ò sì pariwo. Wọ́n ní kí n sọ fún olùkọ́ mi pé òǹgbẹ ló gbé ọmọ àwọn ṣubú lánàá. Wọ́n ní, ṣé lóòótọ́ ni pé ẹni tí kò bá mówó wá kì í mu omi níbí?

Mo túmọ̀ ìyẹn bó ṣe rí. Àǹtí gbé ọwọ́ lé àyà.

"Yéè. Ara ọmọ náà ti yá? Sọ fún bàbá pé kí wọ́n má bínú. Mo ń gba nǹkan díẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó bá ní, omi là ń fi í rà. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò ní náà ń mu. Mi ò lé ọmọ kankan kúrò nídìí omi rí. Sọ fún wọn bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́."

Mo la ẹnu. Ohun tí mo rí ni pé bí mo bá sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ìbéèrè kan ló kù fún bùlámà láti bi: ta ló wá lé ọmọ mi? Ọmọ náà sì mọ orúkọ mi. Bàbá mi máa ń ta ike àti garawa, mọ́sáláṣí kan náà làwọn àti bùlámà ń lọ, iwájú ṣọ́ọ̀bù wa ni bùlámà ti máa ń sinmi bí wọ́n bá ti ọjà bọ̀. Mo fojú inú rí okùn wáyà tí bàbá mi fi ń nà mí, níbi tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn wọn. Gbogbo rẹ̀ ò pẹ́ ju kí èèyàn gbé itọ́ mì lọ.

Mo ní, "Ta ce wanda bai kawo kuɗi ba, ba zai sha ruwa ba."

Ohun tí mo sọ fún bùlámà nìyẹn: àǹtí ní ẹni tí kò bá mówó wá kò ní mu omi.

Èyí tó burú jù ni pé àǹtí gbọ́ kuɗi, wọ́n gbọ́ ruwa. Wọ́n rò pé ọ̀rọ̀ àwọn ni mo ń gbé lọ. Wọ́n wá ń mirí, wọ́n ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí bàbá, wọ́n tilẹ̀ fi ọwọ́ kan dúrọ́ọ̀mù, wọ́n ní, "Eh, ruwa." Bùlámà wò wọ́n pẹ́. Ojú wọn ò le. Ó dà bí ojú ẹni tó wọ ilé tó sì rí ohun tí kò yẹ kó rí.

"Na ji," ni wọ́n sọ. Ìyẹn ni pé àwọn ti gbọ́. Wọ́n wá yíjú sí mi, wọ́n ní kí n sọ fún un pé lọ́dún tí àwọn èèyàn sá ogun wọ ìlú yìí láìmú nǹkan kan lọ́wọ́, kò sẹ́ni tó ra omi mímu lẹ́nu ọ̀nà àwọn.

Àǹtí bi mí, "Kí ni wọ́n ní?"

Mo ní, "Wọ́n ní ẹ ṣé. Ó ti yé wọn."

Àǹtí kúnlẹ̀ kí wọ́n pé ó dàbọ̀, ṣùgbọ́n bùlámà ti kẹ̀yìn sí wa. Nígbà tí àǹtí dìde, wọ́n gbọn iyanrìn kúrò lórúnkún, wọ́n gbé ọwọ́ lé mi lórí. "O ṣeun, ọmọ mi. Kí ni ǹ bá ti ṣe láìsí ẹ?"

Ọ̀sẹ̀ yẹn ò parí tí bùlámà fi lọ sí ọ́fíìsì ẹ̀kọ́. Àǹtí ò wá mọ́. Ọ̀gá iléèwé kàn sọ fún wa pé wọ́n ti rú òfin, pé kí ẹnikẹ́ni má mú kọ́bọ̀ wá síléèwé mọ́. Lẹ́tà tí wọ́n ń retí kò dé, tàbí kí n sọ pé èmi ni mo pàdé rẹ̀ lọ́nà tí mo dá a padà. Bùlámà ń fi omi ránṣẹ́ sí wa láti ilé wọn fúngbà díẹ̀, bàbá náà ṣe é tọkàntọkàn, ṣùgbọ́n ilé wọn kún fún èèyàn tó ń mu omi, nígbà tó yá ó dáwọ́ dúró. Dúrọ́ọ̀mù gbẹ, ó ń rùn lábẹ́ igi. Lọ́sàn-án a máa ń tú ká. Kò sẹ́ni tó tún wá kọ́ wa ní ìṣirò lọ́dún náà. Èmi náà ò kàwé lọ títí, ṣùgbọ́n mi ò lẹ́nu láti ráhùn nípa ìyẹn. Òfin tí wọ́n ní àǹtí rú, èmi ni mo rú u, lójú ọ̀sán gangan, pẹ̀lú ife lọ́wọ́.

Fóònù ni mo ń tún ṣe báyìí, ní Jiddari Polo. Nígbà ọyẹ́ tó kọjá, obìnrin kan wọlé, ó ń fi Háúsá bá ọmọ tó ń ta ẹ̀pà lẹ́nu ọ̀nà ṣàwàdà, Háúsá tó dán bí ẹni tí wọ́n bí síbí. Kí n tó gbójú sókè ni mo ti mọ ohùn náà. Mo dọ̀bálẹ̀ sórí símẹ́ǹtì láàárín àwọn wáyà. Inú wọn dùn. Wọ́n bèèrè bàbá mi, wọ́n bèèrè ìyá mi, wọ́n ní ọmọ abẹ́ tábìlì yẹn ti ga ju àwọn lọ. Ilé ni wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọmọ aládùúgbò ní ẹ̀kọ́ àfikún. Iṣẹ́ ìjọba ò tún bọ́ sí i.

Mo ní, "Ẹ ti gbọ́ Háúsá gan-an, mà."

"Mo kọ́ ọ ni." Wọ́n ń nu ojú fóònù tó ti fọ́ náà. "Nígbà tí mo lọ ṣàlàyé ara mi ní ọ́fíìsì wọn, wọ́n ní bàbá yẹn sọ pé mo mirí sí ọ̀rọ̀ náà lójú àwọn. Mo sì mirí lóòótọ́. Mo wá sọ fún ara mi pé ẹnikẹ́ni ò ní gba ẹnu mi sọ̀rọ̀ mọ́."

Wọ́n gbé fóònù náà síwájú mi, wọ́n ń wo ojú mi. Ẹ̀rọ amúnáwá aládùúgbò mi ń pariwo níta. Mo mọ̀ pé àyè ni wọ́n ṣí sílẹ̀ fún mi, àyè náà sì fẹ̀ tó kí n wọlé. Mi ò wọlé.

Wọ́n ní, "Ṣé ó máa ṣe é tún ṣe?"

Mo ní, "Ó máa ṣe é ṣe, mà."

Mo ní mi ò ní gba owó iṣẹ́. Wọ́n rọra gbé e sórí tábìlì, wọ́n ní kí n má fi iṣẹ́ ọwọ́ mi ṣeré, wọ́n ṣàdúrà fún mi, wọ́n lọ.

Láti ìgbà náà, mo ti lọ sí Ngomari láti sọ òtítọ́ fún bùlámà. Wọ́n ṣì wà láyé, wọ́n ti darúgbó gan-an, iwájú ilé ni wọ́n ń jókòó sí lórí ẹní. Mo ti to ọ̀rọ̀ náà sẹ́nu láti ilé wá, ní Háúsá, bó ṣe yẹ kí n ti sọ ọ́: ẹni tí kò ní náà ń mu. Bí mo ṣe kúnlẹ̀ kí wọn, wọ́n pè mí ní ọmọ oníke, wọ́n ní kí n má tíì sọ nǹkan kan, oòrùn mú, kí n kọ́kọ́ mu omi. Ọmọ-ọmọ wọn ló gbé e jáde, ó ti dàgbà, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé ife náà fún mi. Ó wò mí bó ṣe wò mí lọ́jọ́ yẹn. Mo mu ún tán, mo dá ife padà, mo dúpẹ́, mo dìde. Iṣẹ́ tí àǹtí rán mi lábẹ́ dóńgóyárò lọ́jọ́ náà tún bá mi padà sílé.