Ohun Tí Wọ́n Rí Lára Òkú

Nígbà tí mo wà ní kékeré, ẹ̀yin ọmọ mi, ìjọba ti ẹnubodè pa, ebi sì wọ ìlú wa ní ẹ̀gbẹ́ Ìjoun. Àwọn ìyá wa tó ń ra ìrẹsì ní òdìkejì bodè kò lè gba títì mọ́. Ọ̀nà oko ni wọ́n ń bá lọ, kí àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù má baà rí wọn. Ìyá mi wà lára wọn.

Wọ́n pa obìnrin kan lọ́nà náà. A ní kọ́sítọ́ọ̀mù ni. Nígbà tó ṣe, wọ́n tún pa ìyá kan láti ìdílé onígbàgbọ́. A ní àwọn onífàyàwọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ ni. Kò sẹ́ni tó so ikú kan mọ́ èkejì.

Ìyá àgbà, tó bí ìyá mi, ló máa ń wẹ òkú obìnrin láàárín àwa Mùsùlùmí. Òun ló wẹ ẹni àkọ́kọ́. Àwọn ìyá ìjọ ló wẹ èkejì. Ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ wa, ẹni tó bá wẹ òkú kì í sọ ohun tó rí lára rẹ̀. Oníkálukú panu mọ́, wọ́n sì ń kí ara wọn lọ́jà.

Ìyá mi ló ṣìkẹta. Ó jáde láàárọ̀, ó ní kí n má jẹ́ kí iná kú. Ọ̀sán ni wọ́n gbé e dé. Ìyá àgbà ní òun lòun máa wẹ ọmọ òun. Kò pẹ́ tó fi jáde, omi ṣì ń kán lọ́wọ́ rẹ̀.

"Wọ́n fá ìpàkọ́ ọmọ mi, wọ́n tún wé gèlè fún un padà. Báyìí ni ti àkọ́kọ́ náà rí."

Ọ̀kan nínú àwọn ìyá ìjọ tó wá bá wa kẹ́dùn jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Màmá, tiwa náà rí bẹ́ẹ̀."

Ẹnì kan náà ló ń pa wọ́n. Ká ní wọ́n ti sọ ọ́ síta ni, ta ni ì bá jẹ́ kí ìyá mi dá gba ọ̀nà yẹn? Inú ṣì ń bí mi. Wọ́n bo àṣírí òkú, wọ́n sì bo ti apànìyàn mọ́ ọn. A kò mọ̀ ọ́n títí dòní. Bóyá ó tiẹ̀ bá wa jẹ sàráà ìyá mi.

Láyé ìsinsìnyí, kí òkú tó tutù ni ẹ̀yin ọmọ ti ń gbé fọ́tò rẹ̀ sórí fóònù. Àwọn ẹgbẹ́ mi ń bú yín pé ẹ ò nítìjú. Èmi kì í bá wọn dá sí i. Ìyá àgbà ni mo máa ń rántí. Kò wẹ òkú mọ́ láti ọjọ́ náà, ṣùgbọ́n bí obìnrin kankan bá kú nílùú, á lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà, á máa bi àwọn tó wẹ̀ ẹ́ pé, "Kí lẹ rí?" Wọ́n á wolẹ̀, wọ́n á sì kọjá lára rẹ̀.