Ehoro Elétí Kan

Bàbá ọkọ mi kì í kọ́kọ́ wo ojú ènìyàn. Aṣọ ọrùn rẹ̀ ni wọ́n máa ń wò. Ahunṣọ ni wọ́n ní Ìṣẹ́yìn. Ọnà tó bá wù wọ́n lára aṣọ ẹlòmíràn, kò ní pé ọ̀sẹ̀ méjì tí yóò fi wà lórí òfì tiwọn. Wọn á ní, "Ìyàwó, ojú ni mo fi jí i."

Nígbà tí ọkọ mi ra ẹ̀rọ géèmù bọ̀ láti Kútọnu, ehoro inú kàtúùnù tí àwọn ọmọ ń wò ló ń fò kiri nínú rẹ̀. Ayédèrú ni. Ẹni tó ṣe é kò gbàṣẹ lọ́wọ́ àwọn tó ni ehoro, ó sì gbàgbé etí kan. Inú bí ọkọ mi, ó ń bú ẹni tó ṣe é. Bàbá ní tiwọn jókòó, wọ́n ń gbá a, ẹsẹ̀ wọn ń lọ sókè sódò bí ẹni tó wà nídìí òfì.

"Má bú u," ni wọ́n wí. "Iṣẹ́ kan náà la jọ ń ṣe."

Ehoro yìí ni wọ́n hun sára aṣọ Iléyá mi. Mo bẹ̀ wọ́n títí pé kí wọ́n fi etí kejì sí i. Wọ́n kọ̀. Àwọn ìyàwó ilé fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ dé yídì.

Ní ọdún kejì, obìnrin kan láti Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí kọjá níwájú wa ní yídì. Ehoro kún ìró rẹ̀, elétí kan ni gbogbo wọn.

Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé Bàbá ṣubú. "Ìyàwó, ká ní mo fi etí kejì sí i, báwo ni ǹ bá ṣe mọ̀ pé tèmi ni wọ́n jí?"