Ojú Bàbá Nínú Méèlì

Hélène Oyèlékè ń bá ènìyàn tẹ ìwé lẹ́bàá ọ̀nà ńlá ní Ṣábẹ. Kò lè fi gègé bíìkì ya ewúrẹ́ kí o mọ̀ pé ewúrẹ́ ni. Ṣùgbọ́n jẹ́ kó jókòó sídìí òdínátọ̀, kọ̀ǹpútà rẹ̀: lẹ́tà, àmì, àlàfo, yóò tò wọ́n títí ojú ènìyàn yóò fi yọ. Láti ayé maṣíìnì ìtẹ̀wé onírin ló ti ń ṣe é.

Bàbá rẹ̀, àgbẹ̀ ní Ofè, kú. Kì í jẹ́ kí wọ́n ya òun ní fọ́tò. Èyí tó wà lára káàdì rẹ̀, òjò ti fọ̀ ọ́ nù. Hélène bá fi lẹ́tà tò ó, pẹ̀lú ilà mẹ́ta ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ kọ̀ọ̀kan, ilà ilé wọn. Àwọn àgbà ní òun gan-an ni. Ó lẹ̀ ẹ́ sínú méèlì, ó fi ránṣẹ́ sí Boris, agbẹ́-òkúta ibojì ní Parakou.

Boris gbẹ́ ẹ tán, ó fi fọ́tò òkúta náà ránṣẹ́. Hélène wò ó. Etí ti wọ inú imú. Ilà ti kúrò lẹ́rẹ̀kẹ́, ó gun iwájú orí bíi ti ará ibòmíì.

Ó pè é. "Bàbá ta lo gbẹ́ yìí?"

"Bàbá yín ni, màmá. Bí mo ṣe rí i lórí téléfóònù ni."

"O rí etí nínú imú, o ò bi mí?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ta ni í bi ọmọ olóògbé pé kí ló dé tí bàbá rẹ̀ fi burẹ́wà?"

Hélène kò rẹ́rìn-ín. Ó fi ojú náà ránṣẹ́ sí téléfóònù ara rẹ̀, ó sì rí iṣẹ́ ibi. Méèlì kò ka àlàfo sí nǹkan. Ó ti fún gbogbo rẹ̀ pọ̀. Lẹ́tà tín-ínrín àti lẹ́tà sísanra kò sì gba àyè dọ́gba mọ́ bíi ti maṣíìnì. Hélène sọ ojú náà di fisíẹ̀, bí ìwé tí wọ́n ti tẹ̀ jáde, tí ẹnikẹ́ni kò lè sún lẹ́tà inú rẹ̀. Ó so ó mọ́ méèlì. Èyí dé Parakou láìyẹsẹ̀.

"Hẹn," ni Boris wí. "Bàbá yìí dára o. Ẹ̀yìn òkúta yẹn ni mo máa gbẹ́ ẹ sí."

"Kí ojú àlejò dojú bolẹ̀ máa wo bàbá mi nínú ibojì? Rárá."

Marcel, àbúrò rẹ̀, dá sí i. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká gbé e bẹ́ẹ̀. Ta ló ń wo ilà mọ́? Àwa gan-an ò kọlà."

"Ìwọ ni o ò kọ. Bàbá kọ. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ló fi kọ ọ́. Bí o bá gbé òkúta yẹn dé Ofè, àlejò lo sin sórí ilẹ̀ wa."

Marcel bínú lọ. Hélène wọ mọ́tò lọ sí Parakou. Ó jókòó sórí àpótí nínú àgbàlá Boris, eruku ń bọ́ sí i lórí, kò dìde títí Boris fi lọ ojú àjèjì yẹn dànù lára òkúta. Nígbà náà ni Hélène tẹ́ ìwé tó ti tẹ̀ jáde sórí òkúta, ó fi ìka kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ bàbá rẹ̀.

"Ibí ni kí o ti bẹ̀rẹ̀."