Mẹ́tà Tí Mi Ò Gbà

Ọjọ́ tí Mùínátù gbé mẹ́tà rẹ̀ fún mi, mi ò fọwọ́ kàn án. Mẹ́tà ni igi tí àwa aláṣọ fi ń wọn áńkárá ní ọjà Marcory, nílẹ̀ àwọn tó ń sọ Faransé. Láàárín wa, ẹnìkan kì í fi tirẹ̀ ta ẹlòmíràn lọ́rẹ, nítorí a gbà pé ọjà ẹni a máa bá a lọ. Ọmọ Ìgbòho ni Mùínátù bíi tèmi, ó mọ èèwọ̀ náà dáadáa.

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ṣọ́ ọ. Ìsọ̀ wa fara kanra. Obìnrin tí oníbàárà kì í ná ọjà lọ́wọ́ rẹ̀ kó má làágùn, òun ló wá di pé iye tí wọ́n bá kọ́kọ́ dárúkọ, á ní, "Ẹ máa mú un lọ." Oúnjẹ á wà nínú abọ́ rẹ̀ títí eṣinṣin á fi bò ó. Bí mo bá bi í, á ní, "Ça va, dáadáa ni, ẹ̀gbọ́n." Mi ò gbà á gbọ́. Mo ti pinnu pé ńṣe ló fẹ́ tú ọjà ká kó sá lọ, tàbí kó ba ọjà jẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́. Ìfura loògùn àgbà, èmi sì máa ń lò ó ní àlòjù. Ó wá gbé mẹ́tà dé.

"Àgbẹdọ̀! Kí lo fẹ́ fi ṣe mí?"

"Ẹ gbà á. Mi ò ní nílò rẹ̀ mọ́."

"Ibo lò ń lọ?"

Ó tún na mẹ́tà náà sí mi. Mo wá àrékérekè lójú rẹ̀ títí, mi ò rí nǹkan kan níbẹ̀. Ìgbà yẹn lẹ̀rù ṣẹ̀ṣẹ̀ bà mí.

Mo jókòó tì í, mo rẹ ohùn sílẹ̀. "Mùínátù, ṣé o ń rò ó láti pa ara rẹ?"

Ó gbé mẹ́tà náà lé itan. "Ẹ̀gbọ́n, je suis fatiguée. Ó ti rẹ̀ mí. Oorun ò kùn mí. Mo kàn fẹ́ kó parí."

Ìyá onígèlè tó wà níwájú wa gbọ́, ó ní ká gbé e lọ sọ́dọ̀ ààfáà kó ṣàdúà fún un.

Mo ní, "A ó ṣàdúà lójú ọ̀nà. Dókítà la ń lọ bá báyìí."

Nínú takisí, mo di ọwọ́ rẹ̀ mú bí ẹni mú olè. Ní ọsibítù, dókítà obìnrin kan fara balẹ̀ gbọ́ ọ, kò bú u. Ó ní àìsàn ni, pé ó ní ìtọ́jú, àti pé ká má fi Mùínátù nìkan sílẹ̀ lákòókò yìí. Ó fún un lóògùn, ó ní kó máa padà wá báwọn sọ̀rọ̀. Èmi ni mo sunkún níbẹ̀, Mùínátù kò sunkún.

Ó ti padà sọ́jà báyìí. Mo ṣì ń ṣọ́ ọ. Àwọn ọlọ́jà tuntun ní ojú ọlọ́pàá ni mo fi ń wo ènìyàn. Kí wọ́n máa wí. Láàárọ̀, kí n tó bi í léèrè ọjà, mo máa ń ní, "Ìrònú yẹn ńkọ́?" Lọ́pọ̀ ìgbà, á ní kò wá. Bó bá ní, "Ó wá, ẹ̀gbọ́n," a ó ti ìsọ̀ méjèèjì pa, oníbàárà ì báà dúró lẹ́nu ọ̀nà, a ó padà sọ́dọ̀ dókítà.