Táyà Tó Ń Yí

Bí ẹlẹ́jọ́ bá mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi, kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀. Mi ò ní fa ọ̀rọ̀ gùn. Èmi ni mo yan kẹ̀kẹ́ tí kò dára fún ọmọ orogún mi, mo sì mọ̀ pé kò dára nígbà tí mo ń yàn án.

Ọmọ ọdún mẹ́rin ni ọmọbìnrin náà nígbà yẹn. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì gan, wọ́n sì máa ń kọjá lára wọn. Ìyá rẹ̀ kò lè pọ̀n ọ́n, torí ẹsẹ̀ tí kò ṣí kò ṣeé pọ̀n. Kò sì lè gbé e gun sẹmíjàn, alùpùpù tó ń gbé èrò kiri lọ́dọ̀ wa. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ló máa ń gbé e sí àyà láti ilé wa lọ́nà Towé, á fẹsẹ̀ rìn dé Pobẹ̀, níbi tí obìnrin kan ti ń bá wọn na ẹsẹ̀ ọmọ náà díẹ̀díẹ̀. Obìnrin yẹn ní bí wọ́n bá ń wá déédéé, ọmọ náà lè fi igi rìn. Bí wọ́n bá dáwọ́ dúró, ẹsẹ̀ á gan pa. Gbogbo ilé ló gbọ́. Èmi náà gbọ́.

Iṣẹ́ ilé kíkọ́ ni ọkọ wa ń ṣe ní Àjàṣẹ́. Ó ránṣẹ́ pé ká lọ ra pusẹ́ẹ̀tì, kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ń gbé ọmọ sí tí wọ́n ń tì. Ó ní kí n bá orogún mi lọ sí Ṣakẹ́tẹ́, torí èmi ni mo ń ná ọjà ibẹ̀, èmi ni mo mọ àwọn tó ń ta àlòkù ìlú òyìnbó. Inú bí mi. Ọmọ mẹ́ta ni mo bí fún ọkùnrin yẹn, gbogbo wọn ló ń rìn, kò gbé ọ̀kan lé èjìká rí. Ti eléyìí, bó bá ti sọ̀kalẹ̀ nínú takisí báyìí, a ò ní tíì kí i tán tí á ti máa bèèrè pé, "Ọmọ mi dà?"

Kẹ̀kẹ́ méjì ló kù lọ́wọ́ ọkùnrin tó ń tà á, ará Ègùn kan. Táyà iwájú ti àkọ́kọ́ kéré, ó ń yí síhìn-ín yí sọ́hùn-ún. Ti èkejì tóbi, ó dúró gbọn-in, kì í yí. Bí èèyàn bá fẹ́ yà, àfi kó tẹ ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mọ́lẹ̀ kí iwájú rẹ̀ gbé sókè. Ọkùnrin náà bi wá pé irú ọ̀nà wo là ń gbà. Orogún mi ló dá a lóhùn lédè Ègùn, tí àwa méjèèjì gbọ́ dáadáa: ilẹ̀ pupa, ojú àgbàrá, kòtò tí ọkọ̀ tó ń kó ẹyìn gbẹ́ sílẹ̀.

"Màmá, èyí tí kì í yí ni kẹ́ ẹ mú," ni ọkùnrin náà wí. "Èyí tó ń yí, orí sìmẹ́ńtì ló ti dára. Tó bá ko kòtò, á fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, kò ní lọ mọ́."

Orogún mi tẹ ọwọ́ kẹ̀kẹ́ ńlá náà, iwájú rẹ̀ gbé sókè wẹ́rẹ́, ó sì yí i padà lẹ́ẹ̀kan náà. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. "Bọ̀n! Ó dáa! Màmá yìí mọ̀ ọ́n."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló gún mi. Èmi ìyálé dúró síbẹ̀, wọ́n ń yin ìyàwó lójú mi. Mo ti èyí tó ń yí lórí sìmẹ́ńtì iwájú ìsọ̀, ó yọ̀ lọ geere.

"Ìyàwó, èyí la máa mú."

Ó wò mí, ó wo kẹ̀kẹ́ ńlá. Ó ti gbọ́ ohun tí ọkùnrin yẹn sọ, mo sì mọ̀ pé ó gbọ́. Ṣùgbọ́n nílé wa, bí ìyálé bá ti fẹnu sí ọ̀rọ̀ níwájú àlejò, ìyàwó kì í fẹnu tirẹ̀ sí i mọ́. Pàṣán tí wọ́n fi na ìyálé ń bẹ lájà fún ìyàwó, èmi ni mo sì nawọ́ mú un lọ́jọ́ yẹn. Ó kúnlẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì ọkùnrin náà.

"Ẹ ṣé, ìyálé mi."

Ọkùnrin náà ka owó rẹ̀.

Òjò àkọ́rọ̀ kò pẹ́ kó tó dé. Táyà yẹn á ko kòtò, á fẹ̀gbẹ́, á rì. Obìnrin náà á gbé ọmọ sọ̀kalẹ̀ sínú ẹrẹ̀, á fa kẹ̀kẹ́ yọ, á tún gbé ọmọ sí i, á rìn díẹ̀, á tún rì. Lọ́jọ́ kan ó dojú dé, ọmọ fi ẹnu gbálẹ̀, eyín rẹ̀ kan kán. Ìyá rẹ̀ wá gé rọ́bà àtijọ́, ó fi di táyà iwájú méjèèjì kí wọ́n má baà yí mọ́. Èmi àti àwọn obìnrin ilé dúró, à ń wò ó.

"Ìyàwó wa ti di mẹkanisíẹ̀n," ni mo wí. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi ni mo dákẹ́ ẹ̀rín kẹ́yìn. Rọ́bà náà já kó tó dé ìta.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó wá kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà yàrá mi. "Ìyálé mi, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ọkùnrin yẹn lè gba èyí padà, kó fún wa ní èkejì?"

"Ṣé mi ò mọ ọjà rà ni?"

"Ó tì o. Ọwọ́ tèmi ni kò mọ̀ ọ́n tì."

Mo ní màá bá a bèèrè. Lọ́jọ́ ọjà, mo rí kẹ̀kẹ́ ńlá náà níbi tó wà, eruku ti bò ó. Ọkùnrin náà bi mí bóyá ọmọ ń gbádùn kẹ̀kẹ́ rẹ̀, mo ní ó ń gbádùn rẹ̀. Mo délé, mo sọ fún orogún mi pé wọ́n ti ra èkejì lọ. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi pé mo bá òun bèèrè. Kò lọ wò ó fúnra rẹ̀, torí ìyàwó tó bá wádìí ọ̀rọ̀ ìyálé ti pe ìyálé ní òpùrọ́. Fún oṣù mélòó kan, ẹ̀yìn mọ́sálásí ni mò ń gbà wọ ọjà, kí n má baà rí kẹ̀kẹ́ yẹn.

Ó tún gbé ọmọ sí àyà. Ọmọ ń wúwo sí i. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ di ẹ̀ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀kan di ìgbà tí ẹ̀yìn rẹ̀ bá gbà fún un, lẹ́yìn náà kò lọ mọ́. Nígbà tí ọkọ wa fúnra rẹ̀ gbé ọmọ lọ, obìnrin Pobẹ̀ yẹn di ẹsẹ̀ náà mú, ó gbìyànjú títí, ó fi í sílẹ̀. Ọkọ wa délé, ó pe ìyá ọmọ ní ọ̀lẹ lójú gbogbo wa. Orogún mi kò wò mí. Èmi ni mo bu omi fún ọkọ wa mu.

Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni báyìí, orí ẹní lẹ́nu ọ̀nà ló máa ń jókòó sí. Ìyá rẹ̀ ti kọ́ ọ lẹ́kọ̀ọ́ ilé: ọmọ tó bá rí àgbà tó ń ti ọjà bọ̀ gbọ́dọ̀ lọ pàdé rẹ̀, kó gba ẹrù lọ́wọ́ rẹ̀. Bí mo bá ti sọ̀kalẹ̀ lórí sẹmíjàn, á ké pé, "Ìyá àgbà, ẹ kú àbọ̀ o!" Á fi ìgbọ̀nwọ́ méjèèjì wọ́ ara rẹ̀ kúrò lórí ẹní, á máa bọ̀ lórí ilẹ̀ pupa. Mo ti ní kó má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Ó ní màmá òun ló ní kí òun máa ṣe é. Ẹ̀rù obìnrin yẹn ń bà mí báyìí, mi ò sì lè sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Mo máa ń dúró títí ọmọ á fi dé ẹsẹ̀ mi, màá sì fún un ní ohun tó fúyẹ́ jù nínú apẹ̀rẹ̀. Ìyá rẹ̀ á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á máa wò wá, kò sì dá a dúró rí.